Báwo ni onórébù yín ṣe ń dìbò lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn? Ìbéèrè àti ìdáhùn fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Aṣòfin ìpínlẹ̀ mélòó ló ń ṣojú Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ?

Mọ́kànlá ni, nínú 26 tó ń jókòó ní Ilé Aṣòfin ìpínlẹ̀ Ògùn ní Òkè-Mọ́sàn, Abẹ́òkúta. Ìjẹ̀bú ní méje: Ìjẹ̀bú-Òde, Odògbolú, Ìjẹ̀bú East, Ìjẹ̀bú North East, Ògùn Waterside, àti méjì fún Ìjẹ̀bú North. Rẹ́mọ ní mẹ́rin: Ìkẹ́nnẹ́, Rẹ́mọ North, Ṣàgámù Kìíní àti Ṣàgámù Kejì.

Ẹ ṣọ́ra o, onórébù méjì ni olúkúlùkù wa ní. Ọ̀kan wà ní Abuja, òun nìkan ló sì ń ṣojú Ìjẹ̀bú-Òde, Odògbolú àti Ìjẹ̀bú North East pa pọ̀. Èkejì wà ní Abẹ́òkúta. Ti Abẹ́òkúta là ń sọ níbí, òun la sì fẹ́ kí ẹ máa fún ní máàkì lórí bó ṣe ń ṣe sí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn.

Ẹ̀tọ́ wo gan-an la ó fi wọ̀n ọ́n?

Èyí tó wà ní Orí Kẹrin ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999, láti abala 33 dé 44: ẹ̀mí, iyì ọmọnìyàn, òmìnira ara, ìgbẹ́jọ́ tó tọ́, àṣírí ilé ẹni, ẹ̀sìn àti èrò ọkàn, ọ̀rọ̀ sísọ, ìpéjọ, ìrìn, àìṣe ẹlẹ́yàmẹ̀yà, níní ilẹ̀ àti ilé, àti owó gbà-máà-bínú bí ìjọba bá gba ilẹ̀ ẹni. Abala 45 ló sọ ìgbà tí òfin lè dí lára wọn lọ́nà, abala 46 ló sì sọ pé ilé ẹjọ́ gíga lẹ ó gbé e lọ bí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Nínú iṣẹ́ ilé aṣòfin ìpínlẹ̀, márùn-ún ló máa ń jẹ yọ jù: 35 (òmìnira ara), 36 (ìgbẹ́jọ́ tó tọ́), 38 (ẹ̀sìn àti èrò ọkàn), 41 (ìrìn) àti 44 (owó ilẹ̀ tí ìjọba bá gbà). Ẹ mọ 35 dunjú. Bí wọ́n bá mú ènìyàn, ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé e dé ilé ẹjọ́ níbi tí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Níbi tí kò bá sí, ọjọ́ méjì, àfi bí adájọ́ bá rí ìdí tó fi yẹ kó pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí wọ́n mú ní Ìjẹ̀bú-Òde tàbí Ṣàgámù, ilé ẹjọ́ wà nítòsí rẹ̀, kò sí àwíjàre ọjọ́ méjì fún un.

Títì, omi ẹ̀rọ àti tiransífọ́mà kò sí nínú ìwọ̀n yìí. Ẹni tó ra tiransífọ́mà fún àdúgbò lè jẹ́ ẹni kan náà tó gbárùkù ti òfin tí wọ́n fi ń ti ọmọ àdúgbò náà mọ́lé. Orí ìwé mìíràn ni kí ẹ kọ tiransífọ́mà sí.

Ohun wo ni kò yẹ ká dá onórébù ìpínlẹ̀ lẹ́bi fún?

Ohun tí kò sí lágbára rẹ̀. Abuja ló ni òfin ọlọ́pàá. Òfin ìwà ọ̀daràn orí íńtánẹ́ẹ̀tì ti 2015, èyí tí wọ́n tún ṣe ní 2024, tí wọ́n fi ń gbé àwọn tó bá kọ nǹkan sórí Facebook, ti Abuja ni. Àwọn àbá ẹ̀tọ́ obìnrin tó ṣubú ní Abuja ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹta 2022 kò dé Òkè-Mọ́sàn rárá, nítorí náà kò sẹ́ni tó lè sọ pé onórébù Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ti Odògbolú dìbò tàkò wọ́n. Bí òfin ìpínlẹ̀ bá sì ta ko ti ìjọba àpapọ̀, abala 4(5) sọ pé ti àpapọ̀ ló borí.

Síbẹ̀, ó ní ẹnu. Nígbà tí agbábọ́ọ̀lù Remo Stars kan kú ní Ṣàgámù ní oṣù Kejì 2020, tí ìfẹ̀hónúhàn tẹ̀lé e, kò sí òfin ọlọ́pàá kankan tí aṣòfin ìpínlẹ̀ lè yí padà. Ohun tó wà ní ìkáwọ́ rẹ̀ ni kó gbé ìmọ̀ràn síwájú Ilé, kó bèèrè pé kí wọ́n pe kọmíṣọ́nnà ọlọ́pàá wá sọ tẹnu rẹ̀. Bó ṣe é tàbí kò ṣe é, ẹ lè kọ ìyẹn sílẹ̀.

Ibo ni ìbò ti ń wọlé nínú ìrìn àbá òfin?

Kíkà àkọ́kọ́, orúkọ àbá lásán ni wọ́n ń kà. Kíkà kejì ni àríyànjiyàn wà, ibẹ̀ ni onórébù ti ń sọ ìdí tó fi gbà tàbí tó fi kọ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni àbá á lọ sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, wọ́n á pe ará ìlú wá gbọ́rọ̀ wọn, ìgbìmọ̀ á mú àbọ̀ wá, Ilé á gbé e yẹ̀ wò ní abala-abala, kíkà kẹta á sì tẹ̀lé e. Gómìnà ní ọjọ́ 30 láti fọwọ́ sí i. Bó bá kọ̀, ìdá méjì nínú mẹ́ta Ilé, ìyẹn ẹni 18, lè sọ ọ́ dòfin láìsí ọwọ́ rẹ̀.

Ẹ wo iye yìí dáadáa: ìdá kan nínú mẹ́ta ló tó kí Ilé tó lè jókòó, ẹni mẹ́sàn-án nìyẹn. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó wà níjòkòó tó dìbò ló ń ṣe ìpinnu. Ó túmọ̀ sí pé ẹni márùn-ún lè ṣe òfin tí yóò de gbogbo wa láti Ìdí-Ìrókò dé Ògùn Waterside. Ìdí nìyí tí wíwá àti àìwá fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Kí ló dé tí orúkọ kò fi sí lára ìbò?

Nítorí pé ohùn ni wọ́n fi ń dì í. Olórí Ilé á ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn sọ pé “aye”, kí àwọn tí kò fara mọ́ ọn sọ pé “nay”. Ariwo á sọ ní apá kan, apá kejì á dákẹ́ tàbí kí ẹnì kan kùn lábẹ́lẹ̀, òòlù á dún, ó parí. Ohun tí akọ̀wé á kọ ni pé Ilé gbà á. Ta ló pariwo? Ta ló panu mọ́? Ta ló ń tẹ fóònù? Kò sí nínú ìwé.

Ọ̀nà àbáyọ wà, àmọ́ àwọn onórébù kì í sábà lò ó: ọmọ Ilé lè dìde kó ní ohùn tí Olórí gbọ́ kò tẹ́ òun lọ́rùn, kí wọ́n ka orí, kí wọ́n pe orúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà yẹn ni ìbò á ní orúkọ lára. Tiwa ni pé onórébù tó bá bèèrè irú kíkà bẹ́ẹ̀ lórí àbá tó kan ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn yẹ kó gba máàkì kíkún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìhà tiwa kọ́ ló dìbò fún. Ó jẹ́ kí á rí òun àti àwọn yòókù.

Olórí Ilé fúnra rẹ̀ kì í dìbò, àfi bí ìhà méjèèjì bá dọ́gba. Ẹ má fi “kò dìbò” gé máàkì rẹ̀.

Níbo la ti lè rí àkọsílẹ̀ ìjókòó Ilé?

Lọ́wọ́ Akọ̀wé Ilé ní Òkè-Mọ́sàn. Ìwé méjì ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì pè é ní orúkọ tí wọ́n mọ̀ ọ́n sí níbẹ̀: “Votes and Proceedings”, tó ń sọ ẹni tó wà níjòkòó, àbá tí wọ́n gbé wá àti ìpinnu, àti “Hansard”, tó ń sọ ọ̀rọ̀ tí olúkúlùkù sọ. Bí ẹ bá bèèrè ọ̀kan láìbèèrè èkejì, ẹ ó rí ìpinnu láìrí ìdí, tàbí kí ẹ rí ìdí láìrí ìpinnu. Ẹ fi àbọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó kún un, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti ń yọ gbólóhùn kúrò, tí wọ́n ń fi òmíràn kún un láìsí ariwo.

Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 ni kí ẹ dì mú. Kò pọn dandan kí ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Ọjọ́ méje ni wọ́n ní láti dáhùn, wọ́n sì lè fi ọjọ́ méje kún un. Bí wọ́n bá kọ̀, ẹ ní ọjọ́ 30 láti gbé e lọ sílé ẹjọ́. Owó ẹ̀dà nìkan ni wọ́n lè gbà. Ẹni tí kò mọ̀wé lè fẹnu bèèrè, tàbí kó rán ẹlòmíràn. Tẹ́lẹ̀, àwọn ìpínlẹ̀ máa ń sọ pé òfin Abuja ni, kò kan àwọn. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ fòpin sí àwíjàre yẹn ní oṣù Kẹrin 2025.

Kí ló yẹ kó wà nínú lẹ́tà náà?

Ọjọ́ ìjókòó tàbí orúkọ àbá, irú ìwé tí ẹ fẹ́, àti àdírẹ́sì yín. Ó parí. Lẹ́tà tó bá ní “gbogbo ìwé láti 2019 di òní” ni wọ́n máa ń tì sẹ́gbẹ̀ẹ́, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ẹ bèèrè àbá kan ṣoṣo nínú lẹ́tà kan. Ẹ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì bí ẹ bá lè ṣe é, èdè tí wọ́n fi kọ àkọsílẹ̀ nìyẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé abala 97 fún Ilé láyè láti fi èdè ìpínlẹ̀ kún Gẹ̀ẹ́sì bí wọ́n bá fẹ́.

Ẹ ṣe é ní méjì. Ẹ ní kí wọ́n lu òǹtẹ̀ àti ọjọ́ sí ẹ̀dà tó máa wà lọ́wọ́ yín. Láìsí òǹtẹ̀, kò sí ohun tí ẹ máa fi hàn pé ọjọ́ méje ti pé.

Bí ìbò kò bá ní orúkọ, kí la ó wá fún ní máàkì?

Gbogbo ohun tó ní orúkọ rẹ̀ lára. Ẹni tó gbé àbá wá ló wúwo jù, ẹ fún un ní mẹ́rin. Ẹni tó dábàá àtúnṣe sí gbólóhùn kan pàtó lọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ tẹ́ẹ́kótó, mẹ́ta. A kì í fojú kékeré wo èyí, torí àtúnṣe ọ̀rọ̀ mẹ́fà lè gba ènìyàn lọ́wọ́ àhámọ́. Ìbò tí wọ́n pe orúkọ sí, mẹ́ta. Ọ̀rọ̀ tó sọ ní kíkà kejì, méjì, tó bá jẹ́ pé ó dá lórí àbá náà. “Mo kín ẹni tó sọ̀rọ̀ ṣáájú lẹ́yìn” kò gba ohunkóhun. Wíwà níjòkòó, ọ̀kan. Bó bá jẹ́ ìhà tó ń gé ẹ̀tọ́ kù ló lo agbára rẹ̀ fún, ẹ fi iye kan náà yọ kúrò.

Ẹ lo ìlà kan fún ìṣẹ̀lẹ̀ kan. Bí àpẹẹrẹ: “Àbá nípa ẹ̀ṣọ́ àdúgbò, kíkà kejì, ó wà níjòkòó, ó bèèrè pé kí wọ́n kọ iye wákàtí tí ẹ̀ṣọ́ lè fi dá ènìyàn dúró kí wọ́n tó fà á lé ọlọ́pàá lọ́wọ́, Hansard, ojú ìwé báyìí.” Ìlà tí kò bá ní ojú ìwé, ẹ pa á rẹ́.

Òfin Ògùn wo ni kí a kọ́kọ́ fi wò wọ́n?

Òfin ìgbẹ́jọ́ ọ̀daràn ti ìpínlẹ̀, 2017, ni kí ẹ fi ṣáájú. Òun ló mú irú ìlànà tí Abuja ṣe ní 2015 wá sílé: kí wọ́n má ṣe mú ìyá nítorí ẹ̀ṣẹ̀ ọmọ, kí wọ́n má ṣe mú ènìyàn nítorí gbèsè lásán. Ẹni tó bá ní òun fẹ́ràn ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn, ẹ bi í léèrè ohun tó ti ṣe láti mọ̀ bóyá àwọn tó ń mú ènìyàn ń tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn rẹ̀, òfin 2016 tí wọ́n ṣe nítorí àwọn ajagungbalẹ̀, ajínigbé àti ẹgbẹ́ òkùnkùn. Wọ́n fi ẹ̀wọ̀n ọdún 25 sí i fún ẹni tó bá fipá gba ilẹ̀, ikú sì ni bí ẹ̀mí bá bọ́ níbẹ̀. Ará ìlú tí ajagungbalẹ̀ ti fojú rẹ̀ rí màbo lọ́nà Ṣàgámù á ní ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Abala 33 kò fòfin de ìdájọ́ ikú. Nítorí náà, ẹ má fi ikú nìkan gé máàkì. Ẹ wò ó bóyá onórébù bèèrè nípa ẹ̀rí, nípa agbẹjọ́rò fún aláìní, àti nípa ẹni tí wọ́n bá pè ní ajagungbalẹ̀ nígbà tó jẹ́ pé ẹjọ́ ogún ìdílé ni.

Òfin Àmọ̀tẹ́kùn ti 2020 ńkọ́? Ìbéèrè mẹ́ta péré: ta ni wọ́n lè mú, wákàtí mélòó ni wọ́n lè fi dá a dúró, ibo ni ará ìlú ti lè fẹjọ́ wọn sùn? Àwọn tó kù tó yẹ kó wà lórí ìwé yín ni òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2006, òfin tó lòdì sí ìwà ipá sí ènìyàn ti 2017, àti òfin ìdaran ti 2021. Onórébù tó dé Ilé lẹ́yìn 2023 kò sí níbẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ṣe àwọn wọ̀nyí. Tirẹ̀ ni àtúnṣe àti àbójútó.

Ó máa ń pa ìjókòó jẹ. Báwo la ṣe máa kà á?

Ẹ pín in sí mẹ́ta: ó tọrọ àyè, kò tọrọ àyè, ó wá àmọ́ ó jáde kí ìbò tó dé. Ẹ̀kẹta ni kí ẹ máa ṣọ́, òun ni ọgbọ́n tí àwọn tó gbọ́n féfé fi ń sá fún àbá tó le. Ó wà nínú orúkọ àwọn tó wá, kò sì sí nínú Hansard láti òwúrọ̀ títí wọ́n fi tú ká.

Abala 104 ní kí Ilé jókòó ó kéré tán ọjọ́ 181 lọ́dún. Abala 109 sọ pé ẹni tó bá pa ju ìdá kan nínú mẹ́ta ọjọ́ ìjókòó ọdún kan jẹ láìnídìí pàdánù àga rẹ̀. Bí Ilé bá jókòó fún 181 gan-an, ọjọ́ 61 ti kọjá ààlà.

Ó sọ pé “rárá” sí àbá tí gbogbo ènìyàn fẹ́. Ṣé ọ̀tá ẹ̀tọ́ ni?

Ó lè máà rí bẹ́ẹ̀. Àbá tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ààbò lè ní abala kan nínú tó ń fún ẹ̀ṣọ́ láṣẹ láti wọ ilé onílé láìsí ìwé àṣẹ. Ẹni tó kọ̀ nítorí abala yẹn, tó sì sọ ọ́ síta, ẹ̀tọ́ abala 37 ló gbà jà fún yín. Ẹ ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fi bírò pupa sí i.

Orò àti Agẹmọ ńkọ́? Ìrìn ló kàn, ẹ̀sìn ló kàn.

Ibí yìí ni máàkì ti ń sú ènìyàn í fún. Abala 38 dáàbò bo ẹni tó ń bọ Orò. Abala 41 dáàbò bo obìnrin tó fẹ́ lọ sọ́jà ní Ṣàgámù lọ́jọ́ náà, abala 42 sì ní kí wọ́n má ṣe fi jíjẹ́ obìnrin rẹ̀ dù ú ní ohun tí ọkùnrin ní. Rògbòdìyàn Ṣàgámù ní oṣù Keje 1999 bẹ̀rẹ̀ láti orí Orò, ẹ̀mí sì lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ní kí wọ́n fòfin dè é pátápátá ti tẹ 38 mọ́lẹ̀, ẹni tó bá ní kò sí ohun tó burú nínú ìsémọ́lé ọ̀sán gangan ti tẹ 41 mọ́lẹ̀.

Ohun tí a ń wá lọ́wọ́ onórébù ni ètò: kí wọ́n kéde ọjọ́ àti wákàtí ṣáájú, kó jẹ́ òru, kí ẹni tó ń ṣàìsàn àti aboyún lè kọjá lọ sí ọsibítù. Ọ̀nà Agẹmọ ní Ìjẹ̀bú náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tó dákẹ́ nítorí ìbò ọdún tó ń bọ̀, òdo ni.

Òfin ìsìnkú ọba ti 2021: ṣé ẹ̀tọ́ ló gbà là ni, àbí àṣà ló bàjẹ́?

Òfin náà fàyè gba ọba láti jẹ, kí wọ́n sì sin ín, ní ìlànà ẹ̀sìn tirẹ̀. Awùjalẹ̀ Ọba Síkírù Adétọ̀nà wà lára àwọn tó gbárùkù tì í, ìlànà Mùsùlùmí náà ni wọ́n sì fi sin ín ní oṣù Keje 2025, sí ìbínú àwọn oníṣẹ̀ṣe kan.

Ní ti Orí Kẹrin, ọba kì í sọ abala 38 rẹ̀ nù sẹ́nu ọ̀nà ààfin, nítorí náà ìbò “bẹ́ẹ̀ ni” gba máàkì. Àmọ́ oníṣẹ̀ṣe náà ní 38 kan náà. Onórébù tó dìbò fún un, tó sì rí i pé wọ́n gbọ́ tẹnu àwọn òṣùgbó níbi ìgbọ́rọ̀ ará ìlú, ṣe iṣẹ́ rẹ̀ ju ẹni tó kàn pariwo “aye” lọ. A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ará Ìjẹ̀bú kò ní gbà fún wa lórí èyí.

Ṣé ìbò àtúnṣe ìwé òfin ilẹ̀ wa náà wà lára rẹ̀?

Ó wà lára rẹ̀ gan-an. Àtúnṣe kì í dúró láìsí ilé aṣòfin ìpínlẹ̀ 24 nínú 36. Bó bá kan Orí Kẹrin fúnra rẹ̀, Abuja gbọ́dọ̀ ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kí ìpínlẹ̀ 24 tó tẹ̀lé e. Ní oṣù Kẹta 2022, àbá 44 ni Abuja kó ránṣẹ́ sí àwọn ìpínlẹ̀. 16 ni ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹta 2023. Ẹ bèèrè àkọsílẹ̀ Ògùn lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ilé lápapọ̀ ni èsì rẹ̀ máa ń fi hàn, ẹ má gbé “bẹ́ẹ̀ ni” Ilé lé onórébù kan lórí bí Hansard kò bá gbè é.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n máa ń sọ pé aṣòfin gba ìdá báyìí nínú ọgọ́rùn-ún. Ṣé a lè ṣe bẹ́ẹ̀?

Àwọn ẹ̀ka ACLU, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ ará ìlú tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1920, máa ń ṣe é ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ níbẹ̀. Ó rọrùn fún wọn nítorí pé ìbò ìkẹyìn níbẹ̀ sábà máa ń ní orúkọ. Tiwa, ìṣẹ̀lẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà lẹ lè rí lọ́dún fún onórébù kan. Ẹ má pín in sí ọgọ́rùn-ún. Ẹ kọ àròpọ̀ àti iye ìṣẹ̀lẹ̀: “9 nínú ìṣẹ̀lẹ̀ 5”. Ẹni tó ní 80 nínú ọgọ́rùn-ún lórí ìṣẹ̀lẹ̀ méjì ń tan yín jẹ ni.

Bí máàkì rẹ̀ bá burú, ṣé a lè pè é padà wálé?

Abala 110 fàyè gbà á. Ju ìdajì gbogbo àwọn tó forúkọ sílẹ̀ láti dìbò ní ẹkùn náà gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí ìwé, INEC á yẹ ọwọ́ ìkọ̀wé wò, ìbò bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́ á sì wáyé láàárín ọjọ́ 90. Ibi àyẹ̀wò ọwọ́ ìkọ̀wé ni ti Sẹ́nétọ̀ Dino Melaye ní Kogi ti wó ní 2018. Ìwé máàkì yín wúlò jù ṣáájú ìbò abẹ́nú ẹgbẹ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń wá wọ́ọ̀dù kiri.

Ṣé wọn kò ní fẹ̀sùn ìbanilórúkọjẹ́ kàn wá?

Wọ́n lè dẹ́rù bà yín. Ìbanilórúkọjẹ́ ṣì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀daràn nínú òfin wa, yàtọ̀ sí ẹjọ́ owó. Òótọ́ tó ní ìwé lẹ́yìn ni ààbò yín. Ẹ kọ “kò sọ̀rọ̀ lórí àbá yìí ní ọjọ́ báyìí”, ẹ má kọ “wọ́n ti fún un lówó”. Ẹ má fi fọ́tò ilé rẹ̀ tàbí ọ̀rọ̀ àwọn ìyàwó rẹ̀ sí i.

Kí ẹ tó pín in ní ọjà Òkè-Àjẹ tàbí lórí WhatsApp, ẹ fi ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì rẹ̀, kí ẹ fún un ní ọjọ́ 14. Bó bá fèsì, ẹ tẹ èsì náà sábẹ́ ìlà tó kàn, láìgé e kúrú. Bí kò bá fèsì, ẹ kọ ọjọ́ tí ẹ fi ránṣẹ́ àti orúkọ ipò ẹni tó gbà á.